Ṣé ènìyàn lè máa fi ìmọ̀ràn lórí oko kòkó jẹun ní Àkúrẹ́?

Akọ̀wé-Oko:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ fi lọ̀ yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi ìmọ̀ orí yín gbowó láti ọjọ́ pípẹ́, ìbáà jẹ́ nínú ìṣirò owó, òfin, ilẹ̀ wíwọ̀n tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ìmọ̀ nípa irúgbìn, erùpẹ̀ àti àwọn kòkòrò tí ń ba irè oko jẹ́ ni mo kọ́ ní yunifásítì FUTA níhìn-ín ní Àkúrẹ́. Nígbà tí mo jáde, mo bá iléeṣẹ́ kan tí ń ra kòkó ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún, mo sì fi ọ̀kadà rin ọ̀nà Ọ̀dà, Ìdànrè àti Ọ̀wẹ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ajá abúlé kò gbó mi mọ́. Nígbà tí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìmọ̀ràn fún àwọn àgbẹ̀ lédè Yorùbá, mo sì ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mo ti kọ̀wé nípa àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú nígbà òjò. Mo ti ṣàlàyé pé bí a bá fi mítà mẹ́ta sílẹ̀ láàárín igi kan sí èkejì ní òró àti ní ìbú, nǹkan bí igi 1,111 ni hẹ́kítà kan yóò gbà. Mo sì ti kọ nípa iye ọjọ́ tí ó yẹ kí kòkó fi wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí a tó sá a sóòrùn.

Àwọn ènìyàn ń kà á. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni fóònù mi ti ń dún: ẹnì kan fi àwòrán èso tó ti jẹrà ránṣẹ́, òmíràn fi ohùn ìṣẹ́jú méje ránṣẹ́, òmíràn tilẹ̀ fẹ́ kí n bá òun dá sí ìjà òun pẹ̀lú onílẹ̀ lórí ìṣákọ́lẹ̀. Owó ni kò tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ìpolówó Google sí ẹ̀gbẹ́ àkọsílẹ̀ yín rí mọ̀ bí ó ṣe rí: bí owó ẹni bá dé $10, wọn yóò fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ nínú lẹ́tà láti fi mọ̀ pé òótọ́ ni àdírẹ́sì ẹni, ṣùgbọ́n wọn kì í san kọ́bọ̀ títí yóò fi pé $100. Oṣù mọ́kànlá ni tèmi gbà kí ó tó pé bẹ́ẹ̀, owó dátà tí mo sì ti rà láàárín ìgbà náà jù ú lọ.

Ní oṣù tó kọjá, bàbá kan pè mí láti abúlé kan lẹ́yìn Ìdànrè. Mo lo wákàtí mẹ́rin nínú oko wọn, mo wo igi, mo gbẹ́ ilẹ̀ wò, mo sì sọ gbogbo ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe fún wọn. Nígbà tí mo mẹ́nu ba owó, wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó bú àgbà, wọ́n ní, “Dókítà, ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu náà ni ẹ fẹ́ gbowó lé?” Odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan ni wọ́n dè sẹ́yìn ọ̀kadà fún mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dára, ọ̀sẹ̀ kan ni a fi jẹ ẹ́ nílé, ṣùgbọ́n onílé wa kì í gba ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè, lóhùn pẹ̀lẹ́, ìgbà tí n ó wá iṣẹ́ gidi. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé: ṣé kí n dẹ́kun ọ̀fẹ́ tí mo ń kọ ni? Báwo ni ènìyàn ṣe ń dá iye lé ìmọ̀ràn? Ṣé àgbẹ̀ tilẹ̀ máa ń sanwó fún un?

Ìyá-Ìṣirò:

Àbúrò mi, ẹ kú làálàá. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó àti ìmọ̀ràn lórí owó orí ní Alágbàká, gbogbo ohun tí ẹ kọ yìí ni ojú mi sì ti rí, yàtọ̀ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ má ṣe dẹ́kun ohun tí ẹ ń kọ, ṣùgbọ́n ẹ yé pè é ní ọjà yín. Ẹni tí ń kiri ẹ̀kọ kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹni tó dá a dúró tó sì ní kí ó sọ igbá kalẹ̀ ni yóò sanwó. Ohun tí ẹ ń kọ ni ohùn yín tí ń lọ ládùúgbò. Ọjà yín ni oko onítọ̀hún fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀gbin rẹ̀ àti àṣìṣe rẹ̀ tí kò jọ ti ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èyí ṣe yé mi. Ní ọdún kan, obìnrin kan tí ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba gbé àpò ìrẹsì kan wá sí ọ́fíìsì mi. Rìsíìtì ni ó kún inú rẹ̀. Epo ti ta sí òmíràn, òmíràn ti lẹ̀ mọ́ra bí ewé mọ́ínmọ́ín, òmíràn sì ti ṣá débi pé ojú kò rí nǹkan kan kà lára rẹ̀ mọ́. Obìnrin yìí ti ka gbogbo ohun tí mo kọ nípa owó orí, ó tilẹ̀ rán mi létí gbólóhùn kan tí èmi fúnra mi ti gbàgbé. Síbẹ̀, ohun tó kà kò lè tú àpò náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sílẹ̀, tí mo ń to ìwé wọ̀nyẹn ní oṣù dé oṣù. Nígbà tí mo sọ iye owó mi, kò dúnàá-dúrà, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ni!

Àwọn baba wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ èyí. Ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ babaláwo yóò kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀, yóò sọ̀rọ̀ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí baba tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀, n kò sì tí ì gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan béèrè bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fẹ́ gbowó lé. Ẹsẹ̀ Ifá tí gbogbo ìlú ti gbọ́ kì í náni ní nǹkan. Èyí tó bá jáde lórí ọ̀ràn tẹni ni owó wà nínú rẹ̀. (Onígbàgbọ́ ni mí o, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ mi.)

Nítorí náà, kí ẹ tó gun ọ̀kadà lọ sí oko ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan, ojú ewé kan ti tó: ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò, ọjọ́ tí ẹ máa fi ṣe é, ìwé àbọ̀ tí ẹ máa kọ sílẹ̀ fún oníbàárà, iye owó yín, àti ohun tí kò sí nínú iṣẹ́ náà. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tí kò bá kọ ọ́ ni yóò máa dá sí ìjà ìṣákọ́lẹ̀. Kí wọ́n san ìdajì kí ẹ tó kúrò nílé. Ìwé àbọ̀ náà sì ni yóò mú kí wọ́n rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n rà.

Ẹ fi orúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, kí ẹ sì ṣí àkáǹtì ní orúkọ náà, nítorí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kì í fẹ́ san owó iṣẹ́ sínú àkáǹtì tí a fi orúkọ àbísọ ṣí. Bí iléeṣẹ́ bá gbé iṣẹ́ ìmọ̀ràn fún yín, wọn yóò yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún nínú owó yín, wọn yóò sì san án fún ìjọba ní orúkọ yín. Owó yín ṣì ni. A ó yọ ọ́ kúrò nínú owó orí tí ẹ jẹ ní òpin ọdún, bí ẹ bá ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ kan yọ tèmi fún ọdún méjì gbáko, mo lọ títí ẹsẹ̀ mi wú, n kò rí ìwé ẹ̀rí kankan gbà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn agbowó orí, ṣe ni ó dà bí ẹni pé n kò san nǹkan kan rí. Láti ọjọ́ náà, n kì í fi ìwé àbọ̀ ìkẹyìn sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ láìjẹ́ pé ìwé ẹ̀rí owó orí ti dé ọwọ́ mi.

Ẹ má jẹ́ kí owó orí fúnra rẹ̀ bà yín lẹ́rù. Lábẹ́ òfin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún tí a ń bu owó orí lé kò ní owó orí kankan. Ohun tí ń pa ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni kí ó má kọ ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀: owó ọ̀kadà, owó dátà, bàtà òjò tí ẹ rà nítorí oko. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀.

Bàbá-Olóko:

Ọmọ mi, kì í ṣe èmi ni mo fún ọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ o, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìdànrè ni èmi náà ń gbé, tí mo sì ti ṣe irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn rí. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kí a san ìdajì ṣíwájú yẹn, ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ni. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò kò dá tí àrùn dúdú ń jà, ni a nílò rẹ jù lọ, ìgbà náà gan-an ni ọwọ́ àgbẹ̀ sì máa ń gbẹ. Owó oògùn, owó lébírà tó ń ro oko, owó ilé-ìwé ọmọ, ẹlòmíràn ti yá gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí yóò ra kòkó náà kí kòkó tó là lójú. Bí o bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wa, kọ ìwé rẹ ní oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n kí o wá gba owó láti oṣù kẹwàá, nígbà tí kòkó bá ti ń délé.

Àgbẹ̀ ń sanwó. Ohun tí kì í sanwó fún ni ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Oko hẹ́kítà mẹ́fà ni mo jogún lọ́wọ́ baba mi, àrùn yìí sì ń kó èso lọ nínú rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọkùnrin kan wá, ó ní kí n máa fín oògùn léraléra. Mo fín in títí páǹpù fi yọnu, oògùn ń kán sí mi lẹ́yìn, èso ṣì ń dú. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan dé, kò tó àbíkẹ́yìn mi lọ́jọ́ orí. Nígbà tó wọ oko, kò wo òkè rárá. Ilẹ̀ ni ó ń wò. Ó fi igi tú òkìtì èèpo kòkó tí a ń pa tí a ń dà jọ sídìí igi láti ọdún mélòó kan, omi dúdú ń jáde lábẹ́ rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ibí ni ẹ ti ń bọ́ ọ.” Ìgbà náà ni ó tó gbójú sókè, ó fi igi kan náà na àwọn èso tó ti dú tó sì ti gbẹ sórí igi láti ọdún tó kọjá, ó ní kí a ká gbogbo wọn, kí a kó wọn jáde kúrò nínú oko, kí a gé àwọn ẹ̀ka tó bo ara wọn kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé, kí a tó fọwọ́ kan oògùn kápà. Kò ta oògùn kankan fún mi. Ọdún náà ni mo kọ́kọ́ sanwó fún ọ̀rọ̀ ẹnu láyé mi, mo sì pè é padà lọ́dún kejì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ ọ́: má ta oògùn. Mo mọ̀ pé èrè wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá ti gbé jálá oògùn lọ́wọ́ ni a kò ní mọ̀ mọ́ bóyá àrùn inú oko wa ni o ń wò tàbí jálá ọwọ́ rẹ.

Ohun mìíràn tún wà. Nígbà tí owó kòkó gòkè ní ọdún 2024, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá $12,000 ní ọjà New York nínú oṣù kejìlá, àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti Àbújá rántí lójijì pé baba àwọn ní oko. Owó náà ti wálẹ̀ púpọ̀ láti ọdún 2025, ṣùgbọ́n àwọn tó ti wá ro oko padà kò lè fi í sílẹ̀ báyìí. Wọn kò mọ kòkó, wọn kò sì sí nílé; gbogbo ohun tí alábòójútó bá sọ fún wọn lórí fóònù ni wọ́n ń gbà. Irú wọn ni yóò san ìdajì ṣíwájú fún ọ, tí yóò tún dúpẹ́. Jẹ́ ojú wọn ní oko. Àwa tó kù, ṣe sùúrù fún wa títí di ìgbà ìkórè.

Awọnlẹ̀-Ọ̀yẹ́mẹ́kùn:

Mo kí Bàbá, mo kí Ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé-Oko, ọ̀nà kan kò wọ ọjà, mo sì rò pé ẹ ti gbójú fo ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ẹni tí ń kó kòkó lọ sí òkè òkun.

Òfin kan wà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2023, tí ó sọ pé kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ra kòkó kò dúró. Kí wọ́n lè mọ ibi tí kòkó ti wá, oko tó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, bíi ti Bàbá, a gbọ́dọ̀ rìn yí i ká kí a sì ya gbogbo ààlà rẹ̀ sórí àwòrán ilẹ̀. Èyí tí kò bá jù bẹ́ẹ̀, àmì kan ṣoṣo lórí àwòrán náà ti tó. Ẹni tó mọ ọ̀nà abúlé, tó mọ kòkó, tí àwọn àgbẹ̀ sì ti mọ orúkọ rẹ̀ nítorí ohun tó ń kọ, ni wọ́n ń wá fún irú iṣẹ́ yìí. Èmi mọ ẹ̀rọ ju yín lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá dé abúlé, wọ́n á rò pé ìjọba ló rán mi wá gba ilẹ̀. Ẹ̀yin ni wọn yóò bọ́ síwájú fún.

Mo ní ìkìlọ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe pe ohun tí ẹ bá fi fóònù yà ní ìwé àwòrán ilẹ̀ tí a lè fi tà tàbí fi ṣe ẹjọ́; awọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin nìkan ni ó lè fọwọ́ sí ìyẹn. Èkejì ni pé àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń sanwó bí ẹni ń fa eyín: mo wọn oko fún ọ̀kan nínú wọn nígbà òjò, ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń parí lọ kí n tó rí owó náà, owó epo mọ́tò sì ti jáde lápò mi látilẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ ìsanwó sínú àdéhùn.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Oko mìíràn wà nínú igbó ọba, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ti sọ fún mi rí pé kí n sún ààlà jáde díẹ̀ lórí ìwé, kí oko náà lè dà bí ẹni pé kò sí nínú igbó. Mo kọ̀, mo sì pàdánù iṣẹ́ náà. Àwòrán tí ń ti òfurufú wá ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́hùn-ún, orúkọ ẹni tó yà á sì wà nísàlẹ̀ ìwé.

Akọ̀wé-Oko:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ka èsì yín sí etí ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ ẹni tí ń kiri ẹ̀kọ sì mú un rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun náà kiri ẹ̀kọ.

Ohun tí mo rò láti ṣe ni pé n ó máa kọ̀wé lọ bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò ní máa dá àwọn tí ń fi àwòrán ránṣẹ́ lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. N ó kó ìbéèrè wọn jọ, n ó dáhùn gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ọjọ́ Sátidé níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á. Ẹni tó bá fẹ́ kí n wá sí oko òun yóò gba ìwé kan lọ́wọ́ mi kí n tó lọ. Àwọn tó ń gbé Èkó yóò san ìdajì ṣíwájú, àwọn tó ń gbé oko yóò san ní oṣù kẹwàá. Mo ti ní jálá oògùn méjì nílé tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tà. N ó dá wọn padà fún ẹni tó kó wọn fún mi.

Ìbéèrè kan ló kù. Bí oṣù kẹwàá bá dé tí àgbẹ̀ bá ní òun kò rántí mi mọ́ ńkọ́?

Ìyá-Ìṣirò:

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n san ìdajì ṣíwájú gan-an nìyẹn.

Bàbá-Olóko:

Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Ọmọ mi, má bá ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe àdéhùn. Wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, kí ẹgbẹ́ gbà ọ́ fún oko bíi mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, kí akápò fọwọ́ sí ìwé rẹ. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń yáwó, ibẹ̀ náà ni a ó ti yọ owó rẹ nígbà tí kòkó bá délé, kò sì sí ẹni tí yóò gbàgbé ohun tí akápò ti kọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìpàdé. Bí òjò kò bá ba ọ̀nà jẹ́, kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ mi kí o wo ẹ̀yìn odò, èso ibẹ̀ tún ti ń dú. N ó fún ọ lówó ọ̀kadà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà yóò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní kà á mọ́ owó.